Ẹni Tí Ó Bá Fẹ́ Lọ Ṣe Olùkọ́ ní Jàpáànù

Ní ọdún tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, ìyá kan tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ránṣẹ́ sílé pé òun kò wá iṣẹ́ báńkì mọ́. Jàpáànù ni òun ń lọ, òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ìyá náà ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń wo káàtúùnù wọn. Ṣé nítorí káàtúùnù ni yóò ṣe lọ fi ayé rẹ̀ ṣòfò ní ìdákejì ayé?" Ó ti gbọ́ pé ọmọbìnrin mi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ìdí nìyẹn tí ó fi tọ̀ mí wá. Ìdáhùn tí mo fún un níbẹ̀ kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Oòrùn mú, àwọn ènìyàn sì ń dúró dè mí. Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí wá ní kí n kọ nǹkan, mo pinnu láti dá ìyá náà lóhùn bí ó ti yẹ, kí ẹ̀yin òbí yòókù lè gbọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 1987 ni ìjọba Jàpáànù dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JET, láti máa mú àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè yunifásítì wá láti ilẹ̀ òkèèrè, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè máa ran àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí àrùn kòrónà tó dé, àwọn tí ó wà lẹ́nu ètò náà lọ́dún ti lé ní 5,000. Ọdún kan ni àdéhùn wọn, a sì lè tún un ṣe títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí ọmọ mi lọ ní 2013, owó ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 3,360,000 yen. Kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń kọ́lé, ṣùgbọ́n ó tó jẹun, ó tó san owó ilé, ó sì tó fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ẹni. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi fi lọ, nítorí ó ti di ọmọ-ìlú níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni wà pẹ̀lú tí ó ń gba olùkọ́ tí wọ́n sì ń yá wọn fún ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iṣẹ́. Owó àti ìsinmi wọn kò rí bákan náà. Kí ọmọ yín tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ bá a kà á tán, pàápàá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bóyá wọn yóò san owó ní àsìkò ìsinmi.

Kí ó sì yé e pé olùrànlọ́wọ́ ni òun. Olùkọ́ ọmọ Jàpáànù ni ó ni kíláàsì. Àwọn olùkọ́ kan yóò jókòó pẹ̀lú àlejò wọn láti jọ ṣètò ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn yóò lò ó bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀: kí ó ka gbólóhùn kan, kí àwọn ọmọ wí tẹ̀ lé e, kí ó tún un kà. Ọmọ mi gba oyè tí ó dára ní yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni pípe orúkọ èso ní ohùn rara.

Ìpínlẹ̀ Shimane ni wọ́n rán an lọ, ní etí òkun tí ó kọjú sí Kòríà. Ìlú kékeré ni, láàrin òkè àti omi, àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń dín kù. Matsue ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àlejò àtijọ́ ti ṣiṣẹ́. Lafcadio Hearn ni orúkọ rẹ̀, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìkì ni a bí i sí ní 1850. Ó dé Matsue ní 1890 láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ Koizumi Setsu, ọmọ ìdílé jagunjagun, ó di ọmọ-ìlú Jàpáànù, ó sì ń jẹ́ Koizumi Yakumo. Àwọn ìtàn iwin àti òkú tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún un ni ó kó sínú ìwé tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi mú mi dé ilé tí ó gbé. Otútù ibẹ̀ wọ egungun mi, n kò sì yà á lẹ́bi pé ó lé díẹ̀ ní ọdún kan péré ní Matsue kí ó tó sá lọ sí ìhà gúúsù. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré òwúrọ̀ kan hàn, Bakebake, tí ó dá lórí ìgbésí ayé Setsu. Èyí fi hàn pé wọn kì í tètè gbàgbé olùkọ́ àlejò. William Smith Clark, ará Amẹ́ríkà tí ó lọ sí Sapporo ní 1876, kò lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lọ. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ sí májẹ̀mú ìgbàgbọ́ kí ó tó lọ, Uchimura Kanzo tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn Kristẹni tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kejì ni mo lọ kí ọmọ mi. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà kí n wá wo bí ọjọ́ kan ti ń lọ níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún mi: mo bọ́ bàtà mi, wọ́n fún mi ní sílípáàsì tí ó kéré fún ẹsẹ̀ mi, mo sì ń wọ́ ọ káàkiri bí ẹni tí ó ní egbò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bàtà tí ó fi ń rìn nínú ilé àti àpótí tí ó ń kó ti ìta sí. Gbogbo olùkọ́ jókòó sínú yàrá ńlá kan ṣoṣo, tábìlì wọn kọjú sí ara wọn, tí igbákejì ọ̀gá fi lè rí gbogbo wọn láti ibi tí ó wà. Nínú kíláàsì, ààrò kẹrosíìnì kan ni ó ń mú ibẹ̀ gbóná, àwọn tí ó jókòó jìnnà sí i sì ń gbọ̀n.

Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n bo imú, wọ́n sì bu oúnjẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú kíláàsì. Ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹja, àti wàrà nínú páálí. Oúnjẹ kan náà ni olùkọ́ ń jẹ, òun náà ni ọ̀gá ilé-ìwé ń jẹ. Àní ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ohun búburú bá wà nínú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Èmi tí mo ti rí tábìlì àwọn ọ̀gá àti tábìlì ọmọ ilé-ìwé nígbà èwe wa, mo ronú lórí èyí fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ilé-ìwé sì dìde láti ṣe ìmọ́tótó. Àwọn ọmọ ni ó ń gbálẹ̀, àwọn ni ó ń fi àkísà nu ilẹ̀, àwọn ni ó ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yóò rántí pé ní ilé-ìwé tiwa, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń fún ní pápá láti ro tàbí ilé ìgbẹ́ láti fọ̀. Níbẹ̀ kì í ṣe ìyà. Mo rí igbákejì ọ̀gá tí ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ tèmi náà sì wà nílẹ̀. Níbi ìnulẹ̀ yìí, ó sọ fún mi, ni àwọn ọmọ ti ń bá òun sọ̀rọ̀ ju ti inú kíláàsì lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó ń gba máàkì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkíni, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè kí ni ìtumọ̀ otsukaresama tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn, wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu nínú èdè tiwọn. Ọmọ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, ó sì mọ̀ pé "ẹ kú iṣẹ́" ni. Ẹni tí ó wọlé dé yóò ní tadaima, àwọn ará ilé yóò ní okaeri: "ẹ kú ilé," "káàbọ̀." Kí wọ́n tó jẹun wọn yóò kí oúnjẹ náà, bí wọ́n bá jẹ tán wọn yóò dúpẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọdún kan péré ṣáájú rẹ, senpai rẹ ni, o kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ. Ọmọ tí a kọ́ láti má ṣe pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ kò nílò àlàyé púpọ̀. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ pàápàá rọ̀ wọ́n lẹ́nu ju orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ lọ, nítorí fáwẹ́lì ni ó ń parí ọ̀pọ̀ sílébù wọn bí ti wa. Oúnjẹ náà ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ní natto, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n gbé pamọ́ títí òórùn rẹ̀ fi yí padà tí ó sì ń fà. Ọ̀pọ̀ àlejò ń sá fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ fọ irú rí kò ní sá.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ káàtúùnù. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí ó dá ọmọ mi lóhùn ní kíláàsì. Kì í ṣe àrífín. Ọmọ tí kò bá dá lójú pé ìdáhùn òun tọ̀nà yóò dákẹ́, kí ó má baà ṣìṣe níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mú àwòrán London lọ, ó mú ti Òkè Olúmọ lọ, wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́. Ní ọjọ́ kan ó rí Pikachu lára àpò pẹ́ńsù ọmọkùnrin kan tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn. Ó fi èdè Jàpáànù tí kò tíì dán mọ́rán sọ fún un pé òun náà ṣe géèmù yẹn ní kékeré, ó sì ya ẹranko tí ó jẹ́ ààyò rẹ̀ nínú rẹ̀ sí ojú pátákó. Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Pokémon yìí jáde ní Jàpáànù ní 1996. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí i láti London, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde, tí mo sì tún wàásù lé e lórí. Ara irinṣẹ́ rẹ̀ ni mo tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìtàn aláwòrán wọn kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Láti 1969 ni wọ́n ti ń fi Sazae-san hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìtàn ìdílé kan tí ìyá àgbà, bàbá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Nínú fíìmù tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Spirited Away, tí ó jáde ní 2001, àwọn òbí ọmọbìnrin kan jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ náà sì ní láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwẹ̀ àwọn ẹ̀mí kí ó lè gbà wọ́n là. Obìnrin tí ó gbà á síṣẹ́ gba apá kan orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tí ó mú mi jù ni Anpanman, akọni àwọn ọmọ kéékèèké. Búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹ̀wà aládùn sínú rẹ̀ ni orí rẹ̀, bí ó bá sì rí ẹni tí ebi ń pa, yóò bu lára orí ara rẹ̀ fún un jẹ. Yanase Takashi tí ó dá a sílẹ̀ ti jẹ́ ọmọ-ogun ní Ṣáínà nígbà ogun, ó mọ ebi. Ó gbà pé ẹni tí ó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa ni akọni tòótọ́. Mo ti lo Anpanman nínú ìwàásù lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé ìjọ mi sì rántí rẹ̀ ju àwọn kókó mẹ́ta tí mo là sílẹ̀.

Ẹ má ṣe retí Kérésìmesì bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ iṣẹ́ ni 25 oṣù Kejìlá. Láti 1974 ni ilé-iṣẹ́ KFC ti polówó adìyẹ díndín gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ Kérésìmesì, àwọn ènìyàn sì ń tò láti rà á pẹ̀lú kéèkì. Àwọn Kristẹni kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìjọ tí ọmọ mi ń lọ, wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ti dàgbà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ṣe àsè ìparí ọdún, wọ́n sì pè mí. Níbẹ̀, ènìyàn kì í bu ohun mímu fún ara rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ ni yóò bù ú fún ọ, ìwọ náà yóò sì máa wo ife tirẹ̀. Tíì tútù ni èmi ń mu. Lẹ́yìn náà a lọ síbi karaoke, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kobe ní 1971, mo sì rí olùkọ́ ìṣirò kan tí kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ ní gbogbo ọjọ́ tí ó dìde kọrin bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá náà kọrin. Amazing Grace wà nínú ẹ̀rọ wọn, mo kọ ọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ ju bí ìjọ mi ti ń ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan ìyá náà jẹ. Bí ìkíni wọn ti jọ tiwa ni ó mú ọmọ mi ṣìnà. Lọ́dọ̀ wa, ìkíni máa ń ṣí ilẹ̀kùn: a kí ọ tán, a béèrè ìyá rẹ, a fún ọ ní àga. Lọ́dọ̀ wọn, bí a bá ti kíni tán, olúkúlùkù padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n gbé ẹ̀fọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọdún méjì ènìyàn mẹ́ta péré ni ó wọ inú ilé rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń kẹ́yìn kún. Lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ti mọ ènìyàn dúdú: wọ́n mọ Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń fi èdè Jàpáànù tí kò já gaara pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lónìí wọ́n tún ní Rui Hachimura, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Benin, tí a sì bí i sí Jàpáànù, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn kò retí pé ènìyàn dúdú lè wà láàrin wọn láìpa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí ó má sì gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà, èyí tí ó mú kí n kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Ní 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì, òkun sì ya wọ àríwá-ìlà-oòrùn Jàpáànù. Olùkọ́ méjì, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó wà lábẹ́ ètò JET yìí kan náà bá a lọ, ọ̀kan ní Ishinomaki, ọ̀kan ní Rikuzentakata. Èyí tí ó wà ní Ishinomaki ti dúró ti àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ títí àwọn òbí wọn fi wá mú wọn, kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Àwọn òbí rẹ̀ padà wá kó ìwé fún ilé-ìwé àwọn ọmọ náà. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí ni ọmọ tèmi ní òun ń lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ óò mọ irú oru tí a sùn.

Nítorí náà, ìyá mi, bí mo bá rí ọmọ yín, n kò ní bá a jà nítorí káàtúùnù. Ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn ọmọ yẹn sọ ni ó ń kọ́ láti kékeré. N óò bi í bóyá ó lè kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gba oyè, bóyá ó lè ka orúkọ èso fún odindi ọ̀sẹ̀ láìbínú, àti ohun tí yóò ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí kò sí ẹni tí yóò pè é. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí.

Ní ìgbà òtútù tí mo padà dé, ọmọ mi dákẹ́. Kò pè wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a bá sì pè é, yóò ní òun wà dáadáa. Ìyá rẹ̀ kò jiyàn. Ó béèrè aago tí ó máa ń wọlé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, tí ó jẹ́ aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, ní aago mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ yóò fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, yóò pè é. A óò gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, a óò gbọ́ bàtà tí ó ń bọ́, ọmọ náà yóò sì ní, "Tadaima," sínú ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò dá a lóhùn láti Ìbàdàn pé, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe é títí ọdún mẹ́ta tí ó kù fi pé. London ni ọmọ náà wà nísinsìnyí, ó ń kọ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bá lù, ìyá rẹ̀ ṣì máa ń wo fóònù.